Ikú Tí Í Dá Ara Sí

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ wa ní Ilé-Ogbó)

Nígbà tí Akọ̀wé fi ìwé ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni a ó mú wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú ni a mú wá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ bá àgbà, a sì tọrọ àforíjì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú tí a fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí í mú ni lọ, èyí tí í dá ni sí ni.

Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa, tí kò ju ọmọ ọdún 7 lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mì, wọ́n sì ní ehín ọmọdé ni ó fẹ́ yọ. Wọ́n yọ ọ́ tán, wíwú náà kò dúró. Wọ́n ra oògùn ní ilé ìtajà oògùn, wọ́n gún àgbo, wọ́n ṣe àdúà. Ní oṣù kejì, ojú rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ó ti pẹ́ jù. Èyí nìkan ìbá ti jẹ́ ìbànújẹ́ tó, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni ó burú jù: wọ́n di ẹ̀sùn ru orogún ìyá ọmọ náà, wọ́n ní òun ni ó fi nǹkan sínú ẹ̀kọ ọmọ. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò ní agbo ilé tí ó ti ń gbé láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì padà wá títí di òní. Nínú àwa tí a jókòó níbi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹnì kan tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí á sọ. Àwa náà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ni ó lé wa lọ sí ìdí ìwé, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni a fẹ́ fi yé yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti oko, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ ọ̀nà. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, igi tíìkì a máa wọ́wé tí ìdí rẹ̀ a fi kún, ẹsẹ̀ ẹni tí ń kọjá a sì máa ró wàràwàrà lórí wọn. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára igi nígbà òjò, tí ẹ̀ka náà sì gbẹ, ewé rẹ̀ kì í bọ́ bọ̀rọ̀. Ńṣe ni ó gbẹ mọ́ ẹ̀ka, tí yóò sì so rọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ka tí ó wà láàyè ni í wọ́wé. Ẹ̀ka tí ó ti kú kò ní agbára àti já ewé rẹ̀ sílẹ̀. Igi a máa ṣiṣẹ́ kí ewé tó bọ́: yóò fa ohun rere tí ó wà nínú ewé padà sí ara, yóò pààlà tín-ín-rín sí ìdí ọ̀pá ewé, lẹ́yìn náà ni yóò tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ alààyè ni wíwọ́wé jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn. Ara wa jẹ́ àkójọ àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà méjì sì ni sẹ́ẹ̀lì lè gbà kú. Èkínní ni ikú ìjàǹbá: iná jó o, tàbí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó wú, ó bẹ́, ohun inú rẹ̀ dà sí ara àwọn aládùúgbò, ibẹ̀ sì pọ́n, ó gbóná, ó ń dun ni. Èkejì ni ti wíwọ́wé. Sẹ́ẹ̀lì gba àṣẹ, ó súnkì, ó gé ohun inú ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó dì wọ́n bí ẹrù kéékèèké, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí a sì gbé wọn mì. Kò sí ariwo, kò sí ọgbẹ́. Bí a ti jókòó yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lára olúkúlùkù wa. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń kú bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà kan ṣoṣo ju bílíọ̀nù 50 lọ ní ojúmọ́ kan, tí àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn.

Kì í sì í ṣe àgbà nìkan ni èyí wà fún. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, tí oyún kò tíì ju oṣù méjì lọ, ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: awọ so àwọn ìka pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ìka gba àṣẹ ikú, tí ìka sì ya ara wọn. Lára pẹ́pẹ́yẹ, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni a dá sí, nítorí náà ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ní ìrù nínú omi kì í sọ ìrù náà nù bí ẹni sọ ẹrù. Sẹ́ẹ̀lì ìrù ni ó ń kú títí ìrù náà yóò fi tán. Ẹni tí ó bá ka ìka ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, iṣẹ́ ikú ni ó ń kà.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí a ti ṣe mọ nǹkan wọ̀nyí, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan ni ilẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1964, Richard Lockshin àti ọ̀gá rẹ̀ Carroll Williams ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ń wo kòkòrò tí í hun òwú ṣẹ́dà. Wọ́n rí i pé àwọn iṣan tí kòkòrò náà fi ń ti ara rẹ̀ jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ a máa kú ní kété tí ó bá ti jáde tán, bí ẹni pé a ti kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ikú tí a ti là sílẹ̀. (Àwọn baba wa ti ń se ilé kòkòrò sányán láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì hun ẹ̀wù tí ó yẹ ọba níbẹ̀, òwú ni wọ́n ń wá, a kò lè bá wọn wí.)

Ṣáájú èyí, ní 1962, dókítà kan láti Ọsirélíà tí í jẹ́ John Kerr wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀ eku kí ó lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò wú tí kò bẹ́, bí kò ṣe pé wọ́n ń súnkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀, àwọn tí ó kà á sí kò pọ̀. Ní 1971, ó lọ sí Aberdeen ní Skọ́tíláǹdì lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Alastair Currie àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Andrew Wyllie, àwọn tí ó ti rí irú nǹkan kan náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ìwé tí ó jáde ní 1972, wọn kò rí orúkọ tí ó bá a mu. Ohun tí wọ́n ṣe ni ó wú wa lórí: wọ́n dìde, wọ́n lọ bá James Cormack, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì, wọ́n bi í léèrè pé ọ̀rọ̀ wo ni àwọn ará àtijọ́ ní. Ó sì fún wọn ní "apoptosis", èyí tí í ṣe bíbọ́ ewé lára igi tàbí ti ẹ̀wà lára òdòdó. Ẹ ò rí i pé ní àárín gbogbo ẹ̀rọ olówó iyebíye wọn, nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ orúkọ, inú oko ni wọ́n padà sí! A ó padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kí a tó parí.

Rírí nǹkan jẹ́ ọ̀kan, mímọ ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀ jẹ́ òmíràn. Ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ wá olùpàṣẹ náà ni Robert Horvitz. A bí i ní Chicago ní 1947, ọmọ oníṣirò owó. Ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti ọrọ̀ ajé ni ó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT tí ó fi parí ní 1968. Ọdún tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí kíláàsì ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí tí ń bínú pé ọmọ wọn yí ẹ̀kọ́ padà gbọ́ èyí. Ní 1974 ó rékọjá sí Cambridge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ọ̀dọ̀ Sydney Brenner, ẹni tí a bí ní Germiston ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ti yan aràn kékeré kan fún ìwádìí. Aràn náà, Caenorhabditis elegans, ń gbé inú ilẹ̀, kò gùn ju mìlímítà kan lọ, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi awò rí gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè.

John Sulston, ẹni tí Horvitz bá níbẹ̀, ni ó ka àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Kí ó lè mọ ìran sẹ́ẹ̀lì inú ẹyin aràn náà, ó jókòó ti awò fún ọdún kan àti ààbọ̀, ìjókòó méjì lóòjọ́, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, bí akéwì tí ń ka oríkì ìran kan láti orí baba ńlá dé orí ọmọ ọwọ́. Òun àti Horvitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé 1,090 ni sẹ́ẹ̀lì tí a bí láti fi dá ara aràn náà, 959 ni ó kù nígbà tí ó dàgbà. Àwọn 131 yòókù ti kú. Àwọn kan náà ni í kú lára gbogbo aràn, ní wákàtí kan náà, láìyẹ̀.

Nígbà tí Horvitz padà sí MIT ní 1978, ìbéèrè tí ó gbé lọ ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé a ti kọ ikú wọ̀nyí sílẹ̀, inú ìwé wo ni a kọ ọ́ sí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá aràn tí àṣẹ náà ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ obìnrin, Hilary Ellis, rí i: ní 1986 wọ́n kéde jíìnì méjì, ced-3 àti ced-4, tí ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo àwọn tí ó yẹ kí ó kú ni yóò wà láàyè. Jíìnì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ni ìlà àṣẹ tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ òbí. Ní 1992 wọ́n rí ẹ̀kẹta, ced-9, tí í dáwọ́ ikú dúró. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé sọ ọ́, ced-3 ni ọ̀bẹ tí ó wà nínú àkọ̀, ced-4 ni ọwọ́ tí í yọ ọ́, ced-9 ni ẹni tí ó di ọwọ́ náà mú. Ní 1993, Junying Yuan, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn yòókù, fi hàn pé ọ̀bẹ náà ní ẹbí lára ènìyàn. Ohun tí ó wà lára aràn inú ilẹ̀ wà lára Kábíyèsí, ó sì wà lára wa.

Ní 2002, wọ́n fún Brenner, Horvitz àti Sulston ní ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ohun kan wà nínú ìtàn Horvitz tí a kò fẹ́ fò. Bàbá rẹ̀ kú ní 1989 nípa àìsàn tí à ń pè ní ALS, nínú èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í darí iṣan ara ń kú nígbà tí kò yẹ kí wọ́n kú. Ní 1993 Horvitz wà lára àwọn tí ó rí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí í fa àìsàn náà. Ó pẹ́ fún bàbá rẹ̀. A mẹ́nu kàn án nítorí àwọn tí ń wí pé ẹni tí ń wo aràn lójoojúmọ́ kò ní ohun tí ó ń ṣe.

Nísinsìnyí a lè padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú nígbà tí kò yẹ, àìsàn ni. Bí ó bá sì kọ̀ láti kú nígbà tí ó yẹ, àìsàn ni pẹ̀lú, èyí sì ni ọ̀nà kan pàtàkì tí jẹjẹrẹ gbà ń wọlé. Ní 1984 ní Philadelphia, Yoshihide Tsujimoto àti Carlo Croce rí jíìnì kan tí wọ́n pè ní bcl-2 nínú jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé ńṣe ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa bí sí i. Ní 1988 David Vaux ní Melbourne fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú. Ní 1992 ó fi jíìnì ènìyàn yìí sí ara aràn Horvitz, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ wọn pé sì wà láàyè. Nígbà tí ó yá, a rí i pé bcl-2 àti ced-9 jẹ́ ẹbí.

Àìsàn tí ó mú ọmọ àdúgbò wa ni à ń pè ní jẹjẹrẹ Burkitt. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1958, pé ó ń wú ọmọdé ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì lè mú ikùn wọn pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí ojò ti ń rọ̀ púpọ̀, tí ẹ̀fọn àti ibà sì pọ̀, ni ó ti wọ́pọ̀. Irú ilẹ̀ tiwa yìí ni. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH tí a ṣí ní 1957, òun ni ó gba iwájú láàárín jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀ tí a sì fi awò wò ó, yóò rí bí òfuurufú òru tí ìràwọ̀ wà káàkiri. Òkùnkùn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó há mọ́ra. Àwọn ìràwọ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tí ó ti gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kà á: nínú wíwú tí ń dàgbà ju gbogbo jẹjẹrẹ lọ, ikú ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo! Ìdí rẹ̀ ni pé jíìnì tí í jẹ́ MYC ti ṣí kúrò ní ibùjókòó rẹ̀ lórí kurọmosóòmù 8, ó ti lọ jókòó sórí òmíràn, èyí tí í sábà jẹ́ 14, ó sì ń pariwo lọ́sàn-án lóru pé "ẹ máa bí sí i". Ara mọ̀ pé ohùn náà kò tọ́, ó sì pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ gbọ́ràn. Àwọn tí kò gbọ́ ni ó pọ̀ sí i.

Nínú ìmọ̀ yìí ni ilẹ̀ wa ti ní ìpín tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ní 1963, ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 11, ọmọ Nàìjíríà, ní àìsàn yìí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pulvertaft, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó fi wọ́n sínú ìgò, ó sì bọ́ wọn. Wọn kò kú. Títí di òní yìí, wọ́n ń bí sí i nínú àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé, orúkọ tí a sì fi ń pè wọ́n ni Raji. Rájí! Orúkọ tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa lójoojúmọ́ ni a kọ sí ara ìgò ní Tokyo àti ní New York. Nínú irú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Burkitt bẹ́ẹ̀ ni Anthony Epstein, Bert Achong ọmọ Trinidad àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1964. Ní 1991 sì ni àwọn onímọ̀ ní Birmingham fi hàn pé àwọn jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà a máa gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ikú tí ó yẹ ẹ́.

A kò ní fi ìgbéraga nìkan sọ èyí. Ní ìgbà náà, àwọn oníwádìí kì í sábà jókòó ti òbí aláìsàn kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹran ara ọmọ ṣe. Òfin òde òní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pé wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ọmọ, tí ó wá fi ti èyí sọ pé òun kò ní gbé ọmọ òun lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, ó fi ìbínú jó ilé ara rẹ̀.

Nítorí pé àìsàn yìí ṣeé wò. Èyí ni ohun tí a kò mọ̀ ní ọjọ́ tí a dákẹ́. Àwọn oògùn tí à ń lò fún un, irú cyclophosphamide, a máa ba ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà a sì súnkì, a sì wọ́wé. Ọ̀rọ̀ ikú tí ó ti kọ̀ láti gbọ́ ni a tún pa fún un. Nítorí pé ó ń dàgbà kíákíá ni oògùn fi ń tètè mú un. Àwọn dókítà ti rí wíwú tí ó tó ọsàn tí ó yọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tí wọ́n sọ ìtọ́jú yìí di mímọ̀ gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972, ọdún kan náà tí ìwé àwọn ará Aberdeen jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn ṣe iṣẹ́. Lára àwọn tí ó gbà á ni Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù, oníṣẹ́ abẹ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tí ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Dókítà aláwọ̀ dúdú, ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó yìí, ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní ìyàwó. Ní Ìbàdàn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osunkoya ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Burkitt nínú ìgò, tí ó sì ń kọ ìwé nípa wọn láti 1965.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ohun tí a ń sọ ni pé ó dára kí ẹnì kan kú kí àwọn yòókù lè yè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Àrẹ̀mọ Adélù kò bá a kú gẹ́gẹ́ bí àṣà, tí ó sì gorí oyè, Kúrunmí ní Ìjàyè kọ̀ ọ́, ogun sì dé. A kò ti Kúrunmí lẹ́yìn. Ara ènìyàn kì í ṣe ìlú. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ìyá tí yóò sọkún rẹ̀; ènìyàn ní.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ gbé síwájú yín. Èkínní, a bẹ Kábíyèsí kí akéde ìlú kí ó kéde ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn Lèmọ́mù àti àwọn Pásítọ̀ sì kà á fún ìjọ: bí ọmọdé láti nǹkan bí ọdún 3 sí 12 bá ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí eyín rẹ̀ ń mì láìjẹ́ pé ìgbà rẹ̀ tó, tí ojú rẹ̀ kan ń yọ síta, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń le tí ó sì ń tóbi, kí wọ́n má dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ìbàdàn wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀ àti ti Òṣogbo wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó oògùn kò rọrùn, a mọ̀. Nítorí náà ni a fi dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù, kí Akápò sì pa á mọ́ fún èyí nìkan. Kí ọmọ sì máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ibà tí ń mú ọmọ léraléra wà lára ohun tí í la ọ̀nà fún àìsàn yìí.

Èkejì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin Ìjòyè. Bí wọ́n bá tún gbé ẹjọ́ orogún wá sí iwájú yín lórí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, a bẹ̀ yín kí ẹ béèrè kí ẹ tó dá a, pé kí ni dókítà pe àìsàn náà. Kurọmosóòmù tí ó ṣí nípò nínú ara ọmọ, kò sí ẹ̀kọ tí ó gbé e wọlé. Obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àwa tí a dákẹ́ ní ọjọ́ náà ti pinnu láti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, bí Kábíyèsí bá fún wa ní àgbà méjì tí yóò bá wa lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn olùkọ́ wa ní Ayédire ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní ohun tí ó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní "ikú ètò", èyí tí ó dà bí ìwé ọ́fíìsì létí wa. Àwọn mìíràn ní "ikú àṣẹ", èyí tí ó lè dẹ́rù ba ọmọ ilé-ìwé. Bí àwọn ará Aberdeen bá lè lọ gba ewé lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, àwa ní igi tiwa. A dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ gba "ìwọ́wé sẹ́ẹ̀lì", kí a sì lò ó láti oṣù tí ń bọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.